Bí Ẹ̀kọ́ Inú Ìwé Òwò Ṣe Lè Wọnú Iṣẹ́

Obìnrin kan tó ń bójú tó ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó, kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ni ilé ìtẹ̀wé tí mo ń bójú tó, àwa mẹ́fà la sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ra ìwé nípa òwò àti nípa bí ènìyàn ṣe lè tún ayé ara rẹ̀ ṣe. Mo ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú wọn, mo ń kọ àfojúsùn mi sílẹ̀, mo sì ń jí ní agogo márùn-ún ìdájí. Síbẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń pẹ́, àṣìṣe kò dín, owó kò sì dúró. Ṣé àwọn ìwé yìí ni kò bá iṣẹ́ tiwa mu ni, àbí èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún ọ̀gá mi, tí kò gbà pé ìwé lè kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi?"

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìforítì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú lẹ́tà yín fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta lẹ sọ pé ẹ ń ṣe: ẹ ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ ń kọ àfojúsùn, ẹ sì ń tètè jí. Ohun mẹ́ta náà lẹ ń ráhùn lé lórí: iṣẹ́ tó ń pẹ́, àṣìṣe tí kò dín, àti owó tí kì í dúró. Ẹ tún un kà, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kan mẹ́ta ìkẹyìn. Ẹni tó jí ní agogo márùn-ún àti ẹni tó jí ní agogo méje yóò jọ tẹ àṣìṣe kan náà síta ni, bí kò bá ti sí ẹni tó fara balẹ̀ ka prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a máa ń yẹ̀ wò kí a tó tẹ iṣẹ́ jáde. Ohun tí ẹ ti mú nínú ìwé títí di báyìí ni èyí tó jẹ mọ́ irú ènìyàn tí ẹ fẹ́ dà. Èyí tó jẹ mọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ kò tíì mú un.

N kò dá yín lẹ́bi, nítorí apá àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé ń kọ jù, òun ló sì ń tà. Ó máa ń dùn mọ́ni láti kà, adùn yẹn a sì máa tan ènìyàn bí ẹni pé ó ti tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ka orí mẹ́ta lálẹ́ a máa lọ sùn bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ pa gbogbo ìwé yẹn dé fún oṣù kan. Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ sì máa kọ gbogbo iṣẹ́ tó bàjẹ́ tàbí tó pẹ́ sínú rẹ̀: irú iṣẹ́ tó jẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó jáde àti ọjọ́ tó jáde, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ìyẹn bóyá nídìí kọ̀ǹpútà ni, nídìí pléètì, àwo tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ni, lórí ẹ̀rọ ni, tàbí níbi tí ẹ ti ń gé bébà, àti iye tí ẹ ná láti tún un ṣe. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí orúkọ bá ti wọ ibẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe pamọ́, ìwé náà yóò sì di irọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ó rí i pé ohun méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń ṣẹlẹ̀ ní àṣetúnṣe, ìgbà yẹn ni ẹ ó sì mọ irú ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wá kiri nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan tí n kò rò pé ó lè ṣàìsí nínú àkọsílẹ̀ náà, ìyẹn ìwé ètò ìsìnkú. Ẹbí wá ní ọjọ́ Ajé, àìsùn jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Fọ́tò olóògbé gba orí WhatsApp wọlé, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà lórí bébà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, orúkọ àwọn ọmọ sì ni ẹnì kan ń pè lórí fóònù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tò ó, ó tẹ prúùfù kan jáde, ẹni tí ẹbí rán wò ó lóòró, ó ní ó dára, ẹ ṣe pléètì, ẹ tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìyàwó kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n kọ orúkọ àkọ́bí òun sí ìsàlẹ̀ àbúrò rẹ̀, tàbí kí wọ́n rí i pé "Olóyè" ti bọ́ kúrò níwájú orúkọ bàbá, tàbí pé déètì tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bọ́ sí. Bébà ti lọ, íǹkì ti lọ, dísẹ́ẹ̀lì ti lọ, ẹbí kò sì ní san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó yẹ kí a ka orúkọ. Ìyára ló jẹ́ kí wọ́n fò ó.

Irú ìṣòro yìí ti ní oògùn tí wọ́n dán wò ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ inú ìwé òwò lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, ní pápá ọkọ̀ òfurufú Wright Field ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfurufú tuntun tí ilé iṣẹ́ Boeing ṣe fún àwọn ológun, tí wọ́n ń pè ní Model 299, gbéra, ó gòkè díẹ̀, ó sì já lulẹ̀. Ènìyàn méjì ló bá a lọ. Ògbóǹtarìgì ni awakọ̀ náà; ohun tí wọ́n gbàgbé láti ṣe ni pé kí wọ́n tú ohun tó máa ń de àwọn apá ìdarí ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tó bá wà ní ìgúnlẹ̀. Àwọn ológun kò torí ìyẹn ní kí àwọn awakọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìwé pélébé kan ni wọ́n ṣe, tí awakọ̀ yóò máa kà tẹ̀léra tẹ̀léra kí ó tó gbéra. Irú ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n tún ṣe tó fi di B-17, èyí tí wọ́n ṣe ju 12,000 lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde fún iṣẹ́ abẹ, lábẹ́ ìdarí Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston. Ohun 19 ló wà lórí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ohun tí ọmọ ilé ìwé yóò rò pé ó yé gbogbo ayé lọ: kí ni orúkọ aláìsàn yìí, ẹ̀yà ara rẹ̀ wo ni a fẹ́ là. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, tí ọ̀kan wà ní Ifakara ní Tanzania, tí òmíràn sì wà ní Seattle. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé iye àwọn tó ń kú dín láti 1.5 nínú 100 sí 0.8.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró sí nìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tó ṣe pàtàkì sí yín jù kù lẹ́yìn. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde ti ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà jáde. Ìjọba ibẹ̀ ti ní kí àwọn ilé ìwòsàn máa jábọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ìwé náà, ilé ìwòsàn 101 ni wọ́n sì yẹ̀ wò ṣáájú àti lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Iye ikú kò dín ní ọ̀nà tó ṣe é tọ́ka sí. Ìwé kan náà ni. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi wà lára àwọn tó gbà pé fífi àmì sí ojú ìwé kò tó nǹkan bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kò bá dúró gbọ́ ara wọn. Ẹ̀kọ́ tó wá láti òkè gẹ́gẹ́ bí àṣẹ a máa di ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀kọ́ yìí wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má lọ tẹ ìwé ńlá aláwọ̀ mèremère kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ pe àwọn márùn-ún yòókù jókòó, kí ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ oṣù kan yẹn síwájú wọn, kí àwọn fúnra wọn sì dárúkọ ohun tó yẹ kí a máa yẹ̀ wò. Kó má ju ohun mẹ́fà tàbí méje lọ, nítorí ìwé tó bá gùn kò ní ẹni tí yóò kà á ní ọjọ́rú tí èrò kún ẹnu ọ̀nà. Fún ìwé ètò ìsìnkú, mo lè ro pé yóò rí báyìí: kí ẹnì kan mú bébà tí ẹbí kọ dání kí ó máa ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹlòmíràn sì máa fi bíírò tọ prúùfù, kí ẹ ka iye ọmọ, kí ẹ sì bi aṣojú ẹbí léèrè bóyá bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nìyẹn, kí ẹ wo oyè tó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣí kàlẹ́ńdà láti rí i pé ọjọ́ àti déètì bára mu, kí ẹ wo nọ́ńbà orin ìyìn, lẹ́yìn náà ni kí aṣojú ẹbí fọwọ́ sí prúùfù yẹn. Bí ìbuwọ́lù kò bá sí, kí ẹni tó ń ṣe pléètì má gbà á. Apá tó kẹ́yìn yìí ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni kò fi í sí ọwọ́ bóyá ara ẹnì kan yá lọ́jọ́ yẹn tàbí kò yá.

Ti iṣẹ́ tó ń pẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fura pé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà tó bẹ̀ yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí òun tó san owó àsansílẹ̀, àti èyí tó ń fi ojú ìwé kún iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ti ń lọ. Ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ kọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì yín. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Peter Gollwitzer, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí irú ibi báyìí. Ó rí i pé ẹni tó ní "màá gbìyànjú láti máa gba àsansílẹ̀" kì í ṣe dáadáa tó ẹni tó ti so ìpinnu rẹ̀ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan: "bí oníbàárà bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láìsanwó, ohun tí màá sọ nìyí." Ní ọdún 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àyẹ̀wò 94 jọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n rí sì gbè é lẹ́yìn gan-an. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ ó máa sọ sílẹ̀, bí ẹnu yín ṣe ń sọ ọ́ gan-an: "Ẹ má bínú, mọ̀mọ́, bí owó pléètì àti ti bébà bá ti wọlé báyìí ni iṣẹ́ yín yóò bọ́ sórí ẹ̀rọ." Kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n sórí, títí kan ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù, nítorí òun ni oníbàárà máa ń lọ bá nígbà tí ẹ kò bá sí nílé.

Ní ti iye ọjọ́ tí àṣà tuntun fi ń mọ́ni lára, mo mọ̀ pé ẹ ti ka 21 níbì kan. Maxwell Maltz, dókítà tó ń tún ojú ènìyàn ṣe, ló kọ ọ́ ní ọdún 1960 pé ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ aláìsàn òun lára. Àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́ di òfin fún gbogbo nǹkan. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wá tọpa ènìyàn 96, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, iye tó wà láàárín gbùngbùn bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 66, ó sì wà láti ọjọ́ 18 títí dé 254. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó fo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹrin pé wọ́n tún ti ṣe pléètì láìsí ìbuwọ́lù, ẹ má sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ tún bi mí bóyá àwọn ìwé yìí bá iṣẹ́ tiwa mu. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ máa bi ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́ ni: àwọn tó ṣe irú nǹkan yìí tí wọ́n sì kùnà dà? Jim Collins kọ ìwé kan tó gbajúmọ̀ gan-an ní ọdún 2001, nínú èyí tí ó mú ilé iṣẹ́ 11 gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe lẹ́yìn tí òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti yẹ 1,435 wò. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008, ọ̀kan nínú 11 náà, Circuit City, lọ sí ilé ẹjọ́ láti sọ pé òun ti jẹ gbèsè kọjá agbára òun, ìjọba Amẹ́ríkà sì gba àkóso òmíràn, Fannie Mae, kí ó má bàa wó. Bí àwòkọ́ṣe fúnra rẹ̀ bá lè ṣubú láàárín ọdún díẹ̀, ó yẹ kí ẹ fi ìṣọ́ra gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ fún yín pé ohun tí ọlọ́rọ̀ kan ń ṣe ní àárọ̀ ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Ìbéèrè kejì ni: kí ni ìwé yìí gbà pé ó wà nílẹ̀ tí kò sì sí lọ́dọ̀ wa? Mo mọ̀ pé ẹ ó ti ka ẹ̀kọ́ ilé iṣẹ́ Toyota, èyí tí Taiichi Ohno jẹ́ òpómúléró rẹ̀, pé kí á má ṣe kó ohun èlò jọ kalẹ̀, kí ó máa dé ní àsìkò tí a nílò rẹ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ni, níbi tí ẹni tó ń pèsè ohun èlò kò jìnnà tí iye rẹ̀ kò sì ń fò. Bébà tí ẹ ń lò ńkọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bbà, Ìwópin àti Oku-Iboku kò lè bọ́ wa, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, owó dọ́là ló sì ń sọ iye rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, dọ́là kan fò láti nǹkan bí 470 náírà kọjá 700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òǹtẹ̀wé tó ti ra bébà sílẹ̀ mí kanlẹ̀. Èyí tó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ìwà hù, tí ó sì ti bá oníbàárà dá iye owó, òun ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ Ohno kò di irọ́ nítorí èyí. Ohun tí ẹ lè mú nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tí ẹ ti tẹ̀ tán dùbúlẹ̀ níwájú ẹni tí yóò gé e. Ìyẹn wà lábẹ́ agbára yín.

Ọ̀rọ̀ owó tí kì í dúró bọ́ sí abẹ́ ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá. Gbogbo ìwé yín ló ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná ìyókù, ẹ sì ti pinnu bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ wo alájọ ojúlé yín. Ohun kan náà ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa, nítorí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù tó ń gbà jẹ́ owó ẹsẹ̀ yẹn. Kò béèrè bóyá ẹ ní ìpinnu ọkàn. Ẹ ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ṣọ́ọ̀bù: kí owó pléètì àti bébà láti ara àsansílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wọ àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní ọjọ́ tí ó wọlé, àkáǹtì tí kò ní káàdì ATM, kí ó sì jẹ́ pé ìbuwọ́lù yín àti ti ọ̀gá ni yóò máa mú owó jáde níbẹ̀.

Ó wá ku ti ọ̀gá yín. Ẹ má gbé ìwé kankan lọ bá a, ẹ má sì dárúkọ òyìnbó kankan tí mo dárúkọ níbí. Bí àgbà bá gbọ́ pé ìwé kan ló ní òun kò ṣe é dáadáa, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé àkọsílẹ̀ yín ni kí ẹ mú lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ro iye bébà tó ṣòfò ní oṣù yẹn pọ̀ sí náírà. Ẹ má lọ ní Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, ẹ má sì sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì ní: "Bọ̀dá, iye tí a fi tún iṣẹ́ ṣe ní oṣù yìí rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ìwé ètò ìsìnkú nìkan dán nǹkan kan wò fún oṣù méjì." Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé àṣìṣe wo ni òun ti rí jù láti ìgbà tí òun ti ń tẹ̀wé, kí ẹ sì fi ohun tó bá sọ sí òkè pátápátá lórí ìwé àyẹ̀wò yẹn. Ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì rí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ti wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bi ẹni tó ń ṣe pléètì pé ìbuwọ́lù dà.

Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò náà lórí àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín gbà wọlé, kí ẹ sì máa kọ àkọsílẹ̀ lọ. Ẹ tún gbé e lọ bá a nígbà tí àsìkò kàlẹ́ńdà bá ti parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọ̀wọ́ iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀, tí ohun tí ẹ tún tẹ̀ ní oṣù Kọkànlá àti Ìkejìlá sì wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ kà.